Kásẹ́ẹ̀tì àlọ́ tí bàbá mi fi sílẹ̀, àti bí mo ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á jẹ́ pátápátá

Bí kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ǹpútà àtijọ́ bá wà nílé yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kì í bọ inú rédíò kankan. Ẹ ka tèmi ná. Ìkánjú ló pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò sì ní bò ó mọ́lẹ̀, torí bí mo bá bò ó, ẹlòmíràn á lọ ṣe bẹ́ẹ̀ sí ti bàbá tirẹ̀.

Ní 1984, nígbà tí a ń gbé ní Peckham ní London, bàbá mi ra ZX Spectrum kan fún àwa ọmọ. Ilé iṣẹ́ Sinclair ló ṣe é, 1982 ló kọ́kọ́ jáde. Ẹ̀rọ dúdú pẹlẹbẹ ni, rọ́bà ni bọ́tìnnì rẹ̀, ó máa ń rọ̀ wọlé lábẹ́ ìka. 48K péré ni gbogbo ìrántí inú rẹ̀. Fọ́tò kan ṣoṣo tí ẹ bá fi fóònù yà lónìí kò lè rí àyè dúró sí níbẹ̀. £129.95 ni wọ́n ń tà á, owó ńlá lójú òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ń fi owó ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù. Kò ní díìsìkì kankan. Inú kásẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí a fi ń gbọ́ orin jùjú, ni a ń kó iṣẹ́ sí. Á máa han "wíììììì", á yí sí "krááááà", èèyàn á jókòó tì í, á máa gbàdúrà kí ó má ṣe já lójú ọ̀nà.

Géèmù ni àwọn ọmọ ilé kejì ń ta lórí tiwọn. Bàbá tiwa á ti iṣẹ́ òru dé, á jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, á máa kọ ètò. Ó ti ṣàkíyèsí pé bí òun bá fi Yorùbá bá wa sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì la fi ń dá òun lóhùn. Ló bá ṣe ètò kan tó ń pa àlọ́. Á bi wá, a ó tẹ ìdáhùn. Bí a bá gbà á, á kí wa; bí a kò bá gbà á, á ní ìjàpá gbọ́n jù wá lọ. Mo kórìíra ètò yẹn nígbà náà. Mi ò ní purọ́.

1991 la kó wálé sí Ìbàdàn. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí Bàbá papò dà, èmi ni wọ́n ní kí n tú àpótí irin abẹ́ ibùsùn rẹ̀. Spectrum náà wà níbẹ̀, ó fi síńgílẹ́ẹ̀tì wé e, ṣùgbọ́n wáyà iná rẹ̀ ti sọnù. Láàárín àwọn kásẹ́ẹ̀tì orin, mo rí ọ̀kan tó fi báírò kọ "àlọ́" sí lára. Ìlà kejì wà lábẹ́ rẹ̀, ó ti ṣá, mi ò rí i kà. Ẹ fi ìlà kejì yẹn sọ́kàn.

Àṣìṣe méjì ni mo ṣe lọ́jọ́ yẹn, láàárín wákàtí kan.

Mo yí ẹ̀rọ náà dojú dé, mo rí i pé iná 9V ló ń lò. Adaptor rọ́tà íntánẹ́ẹ̀tì mi náà, 9V ni, ẹnu rẹ̀ sì wọ ihò náà rẹ́gí. Mo tì í bọ̀ ọ́. Kò pẹ́ tí òórùn ike jíjó gba yàrá kan. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé lára Spectrum, àárín ni négétíìfù, ẹ̀gbẹ́ òde ni pósítíìfù. Ọ̀pọ̀ adaptor òde òní ló sì jẹ́ ìdàkejì. Àwòrán róbótó kékeré tó ń sọ èyí wà lára adaptor, pẹ̀lú + àti −. Mo ti ń wò ó láti ọdún mẹ́ta, mi ò mọ ohun tó ń wí.

Èkejì ló dùn mí jù. Mo gbé rédíò kásẹ́ẹ̀tì Màámi jáde, tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn láti ìgbà tí fóònù ti gba iṣẹ́ rẹ̀. Mo ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́, mo tẹ̀ ẹ́. "Wíììììì." Orí mi wú. Ohùn ọmọdé mi ni. Ó han, ó yí, ó ń lọ dáadáa fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́ta, ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ "wíììììì" mìíràn. Ibẹ̀ ni ohùn náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Ó di "wúù-wọ́ọ̀". Mo ṣí ìdérí: okùn kásẹ́ẹ̀tì ti lọ́ mọ́ rọ́bà tó ń fà á, ó ti rún bí aṣọ tí a fún tí a kò sá.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ baba oníṣẹ́ rédíò kan ní Mọ́kọ́lá. Baba wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé bẹ́ẹ̀ lo ṣe máa ń fún aláìsàn lóúnjẹ, láì fọ àwo?" Wọ́n fi ọwọ́ kan rọ́bà inú rédíò náà hàn mí: ó ti yọ́, ó ń lẹ̀ mọ́ ìka bí àtè.

Ohun tí mo kọ́ lọ́wọ́ baba yìí kò sí nínú ìwé kankan tí mo ti kà. Fi òwú àti spírítì nu orí tó ń ka okùn àti rọ́bà tó ń fà á. Kọ́kọ́ fi kásẹ́ẹ̀tì tí kò níye lórí dán an wò. Kí o tó gbọ́ ohunkóhun, fi báírò yí okùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí o sì yí i padà, torí okùn tó ti ń sùn láti bí ọgbọ̀n ọdún máa ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Yẹ fóòmù tíńtín tó wà lójú kásẹ́ẹ̀tì wò. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ máa ń bó, bí kò bá sì sí níbẹ̀, okùn kì í kan orí rẹ́rẹ́. Tèmi ti jábọ́. Baba tú skúrù márààrún, wọ́n kó okùn Bàbá mi sínú ara kásẹ́ẹ̀tì tuntun kan, wọ́n fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ́ ibi tó rún. Wọn ò gba owó. Wọ́n ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni pé èmi ni mo ki í bọ̀ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló sọ fún mi pé n kò nílò ẹ̀rọ tó jó náà mọ́. Ètò wà tí wọ́n ń pè ní emulator, tó máa ń sín ẹ̀rọ mìíràn jẹ débi pé ètò àtijọ́ ò ní mọ̀ pé kì í ṣe inú ilé òun lòun wà. Fún Spectrum, Fuse ni mo lò. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀rọ gidi náà ní ROM kan nínú, 16K, tó jẹ́ bí ọpọlọ àbínibí rẹ̀, emulator kò sì lè ṣe nǹkan kan láìsí i. Amstrad ra iṣẹ́ kọ̀ǹpútà Sinclair ní 1986. Ní 1999 wọ́n gbà kí àwọn tó ń ṣe emulator máa pín ROM náà mọ́ ọn, bí wọn ò tilẹ̀ jọ̀wọ́ ẹ̀tọ́ wọn lórí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Fuse fi ń bá ROM wá. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ àtijọ́ ló rí bẹ́ẹ̀, ẹ wádìí kí ẹ tó mú tẹlòmíràn.

Mo ti rò pé iṣẹ́ ti bùṣe. Mo gbé fóònù síwájú rédíò, mo ká ohùn kásẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, mo fún Fuse. Kò rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Ọ̀sẹ̀ méjì lọ báyìí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ohùn èèyàn ni wọ́n ṣe fóònù fún. Tó bá gbọ́ "krááá", ó gbà pé ariwo ni, á máa pa á. Lẹ́yìn náà, MP3 ló ń kó o sí, MP3 sì máa ń ju ohun tó bá rò pé etí èèyàn ò ní gbọ́ nù. Bẹ́ẹ̀ etí kọ́ ló fẹ́ gbọ́ eléyìí. Inú kásẹ́ẹ̀tì Spectrum, gbogbo òdo àti ení tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ ohun gbogbo ni wọ́n fi gígùn ìró yà sọ́tọ̀: ìró ení gùn ní ìlọ́po méjì ti òdo. Bí ẹ bá ti fọwọ́ kan gígùn yẹn, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Wáyà ló tán an. Láti ihò etí rédíò tí baba tún ṣe, sí adaptor ohùn USB, torí ihò kan ṣoṣo tó wà lára laptop mi, fún etí àti ẹnu pọ̀ ni, ó ń da nǹkan rú. WAV, irú fáìlì ohùn tí kì í ju nǹkan kan nù, ni kí ẹ kó o sí, 44,100 Hz, ẹ̀gbẹ́ kan péré (mono). Ẹ pa gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà bá ní òun fẹ́ fi tún ohùn ṣe. Ẹ má jẹ́ kí ohùn ga débi tí orí ìgbì rẹ̀ á fi tẹ́. Skúrù kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí tó ń ka okùn: bí ẹ bá ń yí i díẹ̀díẹ̀ nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì ń han, ẹ ó gbọ́ ibì kan tí ohùn á ti mú ṣáṣá bí abẹ tuntun. Ibẹ̀ ni ẹ dúró. Orí rédíò Bàbá mi ní Peckham ló kọ kásẹ́ẹ̀tì yìí. Bí orí yẹn ṣe tẹ̀ ni orí tèmi gbọ́dọ̀ tẹ̀. NEPA mú iná lọ nígbà tí mo ń ká a lọ́wọ́, rédíò dúró gan-an pẹ̀lú okùn lẹ́nu rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bátìrì ni mo ń lò.

Mo ṣí Fuse, mo tẹ L-O-A-D, àṣẹ tó ń gbé ètò wọlé láti inú kásẹ́ẹ̀tì. Ohun tó hàn ni "LET oad". Mo pa á, mo tún un tẹ̀. LET oad. Mo tẹ ENTER, àmì ìbéèrè kan ń ṣẹ́jú sí mi. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé Spectrum kì í jẹ́ kí èèyàn kọ ọ̀rọ̀ àṣẹ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: bọ́tìnnì kan, àṣẹ kan. J ni LOAD. L ni LET. A ni NEW, ìyẹn "pa gbogbo rẹ̀ rẹ́", ẹ ṣọ́ra fún A. Emulator kò mú ẹ̀rọ náà rọrùn fún wa. Gbogbo agídí rẹ̀ pátá ló gbé wá. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo bínú sí i. Lẹ́yìn náà mo rí i pé bí kò bá ní agídí náà, ètò Bàbá mi kò ní dá a mọ̀.

J, àmì àyọlò méjì, ENTER. Àwọn ìlà aláwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. "Program: alo". Mi ò mí títí ó fi parí. Mo ní kí ó to ìlà ètò náà jáde fún mi. Ohun tí mo rí rèé:

kH lJ R kLjA lJjOde Lba tH kK kH Lba?

Mo yí skúrù lẹ́ẹ̀kan sí i, mo tún un ká, ohun kan náà. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi gbà pé kásẹ́ẹ̀tì ti bàjẹ́. Mo tilẹ̀ pe Màámi, mo ní ó ti lọ.

Kásẹ́ẹ̀tì kò bàjẹ́. Bí ó bá bàjẹ́, Spectrum ìbá sọ "R Tape loading error", torí ó máa ń ṣe ìṣirò ní òpin láti mọ̀ bóyá ohun tó gbọ́ pé. Bí kò bá ti ráhùn, ohun tí wọ́n kọ ló kà. Ó yẹ kí n ti ronú síbẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ karùn-ún, mo kàn ní kí ó sọ nọ́ḿbà J tó wà nínú "lJ" fún mi. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ḿbà tirẹ̀ nínú ẹ̀rọ: J gidi, 74 ni nọ́ḿbà rẹ̀. Ohun tó sọ ni 153.

Mo dìde dúró.

Spectrum ní àyè mọ́kànlélógún, nọ́ḿbà 144 sí 164, tó fi sílẹ̀ fún oníǹkan láti ya lẹ́tà tirẹ̀ sí, ẹyọ àmì kékeré mẹ́jọ ní òró, mẹ́jọ ní ìbú. Bí ẹ̀rọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan, tí ẹnikẹ́ni ò tíì ya nǹkan kan, àwòrán A dé U ni yóò wà níbẹ̀. Bí Bàbá mi kò ṣe rí ẹ́ àti ọ̀ lójú ẹ̀rọ Gẹ̀ẹ́sì náà, ńṣe ló ya tirẹ̀ sí ojú àyè mọ́kànlélógún yẹn. Ohun tí mo ń pè ní ìdọ̀tí, Yorùbá tó ní àmì lórí ni. Ẹ̀rọ kàn gbàgbé ojú àwọn lẹ́tà náà ni, torí wọn kì í bá ètò wọ inú kásẹ́ẹ̀tì. Àfi kí èèyàn kó wọn síbẹ̀ lọ́tọ̀.

Ìlà kejì tó ṣá lára kásẹ́ẹ̀tì. "Wíììììì" kejì tí rédíò Màámi jẹ.

Báìtì 168 péré, mẹ́jọ fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ni lẹ́tà mọ́kànlélógún náà. Lórí okùn, kò tó ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá. Nínú gbogbo gígùn kásẹ́ẹ̀tì yẹn, ibẹ̀ ni mo ti ba nǹkan jẹ́. Mi ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Mo ti fi ètò kan tó ń jẹ́ audio2tape yí WAV náà sí TZX, irú fáìlì tí emulator ń kà bíi kásẹ́ẹ̀tì, ó sì fo apá kejì torí kò pé. Bí ẹ bá ní kásẹ́ẹ̀tì tó farapa, ẹ má gbára lé irú ètò bẹ́ẹ̀ nìkan, ẹ má sì ju WAV àkọ́kọ́ nù. Fuse tèmi lè gbọ́ WAV fúnra rẹ̀. Mo pa "Use tape traps" àti "Fastload" kí ó má baà gé ọ̀nà kúrú, mo tẹ LOAD "" CODE, àṣẹ tó ń gbé báìtì lásán wọlé dípò ètò, mo jẹ́ kí ó gbọ́ ọ bí Spectrum gidi ṣe ń gbọ́. "Bytes: ami" hàn. Àwọn ìlà sáré díẹ̀. Lẹ́yìn náà: R Tape loading error.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún to ètò náà jáde, àwọn A ti di á. B ti di à. Spectrum máa ń kó báìtì kọ̀ọ̀kan síbi tirẹ̀ bó ṣe ń gbọ́ ọ, kì í dúró de òpin. Nígbà tí okùn rírún dá a dúró, lẹ́tà méje ti wọlé. Á, à, é, è, ẹ, ẹ́, ẹ̀. A dé G. Ọwọ́ Bàbá mi gan-an ni.

Mẹ́rìnlá tó kù, èmi ni mo ní láti wá wọn. Àlọ́ ló tú àlọ́. "Lba" tí àgbàrá ń kọjá lójúde rẹ̀ tí kò kí i, ọba ni, L di ọ. "Kkun R hJ yaya, NsB R hJ yaya, LmL burOkO torH bN M": òkun ń hó yaya, ọ̀sà ń hó yaya, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́. Orógùn. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti rí mẹ́jọ. H àti I dà mí láàmú títí mo fi dé "KrOkO tindH tindH, KrOkO tindI tindI". Ẹni tó bá mọ òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì mọ̀ pé ohùn nìkan ló yà wọ́n. S ni mo ṣì mú jù, mo rò pé S lásán ni, mo ń kà á sí àṣìtẹ̀ Bàbá. Nọ́ḿbà rẹ̀ ni 162. "SjF o mN M?" Ǹjẹ́ o mọ̀ ọ́?

Yíya wọn tún jẹ́ wàhálà mìíràn. E tí Spectrum ń lò ga ní ìlà márùn-ún. Ìlà méjì lókè fún àmì ohùn, ẹyọ kan ló kù nísàlẹ̀, bí mo bá sì fi àmì ìsàlẹ̀ ọ̀ síbẹ̀, á lẹ̀ mọ́ ìdí lẹ́tà bí ìrù eku. Ni mo bá wo ti Bàbá. Mo tú báìtì ẹ́ rẹ̀ jáde, nọ́ḿbà kan fún ìlà kọ̀ọ̀kan: 8, 16, 56, 124, 64, 56, 0, 16. Ó ti gé e kúrú. Ìlà mẹ́rin ló fún e, ó fi ìlà kan sílẹ̀ lófìfo, kí àmì ìsàlẹ̀ lè dá dúró. Ẹni tó ti iṣẹ́ òru dé ló jókòó ṣe ìyẹn. Títí di òní, fóònù mi ṣì máa ń gbé àmì ọ́ sí ibi tí kò yẹ. Mo ya ọ, ọ́, ọ̀ àti ṣ bí ó ṣe ya tirẹ̀.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tún bà á jẹ́ o. Nígbà tí mo parí, ìka mi ṣì A, mo tẹ ENTER. NEW. Ojú funfun báláú. Ọlọ́run ló yọ mí: NEW ń pa ètò rẹ́, kì í fọwọ́ kan àyè lẹ́tà mọ́kànlélógún náà. Mo tún gbé "alo" wọlé, àwọn lẹ́tà ṣì wà. Lójú ẹsẹ̀ ni mo tẹ SAVE "ami" CODE USR "a",168, mo tún ní kí Fuse ya gbogbo ipò ẹ̀rọ sí fáìlì .z80 kan. WAV, TZX, .z80, mo kó wọn sí ibi mẹ́ta, ọ̀kan wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi lókè òkun.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo pe ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó wo lẹ́tà gbàgbàgbà náà, ó ní ṣé ó ti bàjẹ́ ni. Ó gba àgbàrá. Kò gba abẹ́rẹ́. Ẹ̀rọ ní ìjàpá gbọ́n jù ú lọ, ó bínú, ó ní kí n sọ fún un, mo kọ̀. Ó pe ìyá ìyá rẹ̀ lórí WhatsApp láti bèèrè, Gẹ̀ẹ́sì ló fi bẹ̀rẹ̀, ìyá ní òun ò gbọ́, ó tún un sọ. "Abere" ló tẹ̀, láìsí àmì, torí Bàbá mi ti mọ̀ pé ọmọdé ò ní rí àmì tẹ̀, ó ti gbà á bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ó gba èyí tó kẹ́yìn, ìlà kan hàn. Mo ti ń wo ìlà náà láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, "T kO iQF. J yA, E lL sPn", ṣùgbọ́n mi ò tíì rí i lójú ẹ̀rọ bí ó ṣe yẹ kó rí:

Ẹ kú iṣẹ́. ó yá, ẹ lọ sùn.

Ọmọ mi wo aago. Aago méjì ọ̀sán ni.